Mẹ́fà Nínú Ọgọ́rùn-ún

"Bùrọ̀dá, ká ní Àǹtí sọ pé àwọn ń wúkọ́ ni, ṣé ìgbà yẹn ni èéfín náà ìbá wá burú?"

Mo bi Bùrọ̀dá Níyì ní ìbéèrè yìí ní ọ̀sán Sátidé kan, nígbà tí mo wà ní JSS 2. Ìdí tábìlì wọn ni mo jókòó sí, tí mò ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò tí wọ́n fún mi. Wọ́n gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n wò mí títí, wọ́n sì ní kí n ka ìbéèrè tó kàn nínú ìwé mi sókè. Mo kà á. Wọn kò dáhùn èyí tí mo bi wọ́n.

Kí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n tó lè mọ ohun tí mò ń béèrè, ó yẹ kí n sọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́.

Níyìolúwa Májẹ́kódùnmí ni orúkọ wọn. Mọ́níyà ni a bí wọn sí, níbi tí bàbá wọn ti ń dáko ẹ̀gẹ́. Iṣẹ́ dókítà ni wọ́n fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, ṣùgbọ́n máàkì wọn kò tó, ilé-ìwé sì fi wọ́n sí ẹ̀ka ìṣirò. Nígbà tí wọ́n jáde, wọn kò kúrò ní àyíká ibẹ̀. Wọ́n gba yàrá méjì nínú ilé tí àwa náà ń gbé ní Agbowó, wọ́n sì ń bá àwọn olùwádìí ṣe ìṣirò. Bí dókítà kan bá ti lọ bi ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìbéèrè nípa ìlera wọn, Bùrọ̀dá Níyì ni yóò kó àwọn ìdáhùn náà wá bá, kí wọ́n lè bá a wò ó bóyá ohun tó rí jẹ́ òótọ́ tàbí ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ni. Bí ìwádìí kan bá parí, iṣẹ́ ti tán nìyẹn, àfi kí wọ́n máa retí òmíràn.

Iṣẹ́ náà ti mọ́ wọn lára débi pé wọn kì í sọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" kí ó délẹ̀. Bí màmá mi bá ń sá aṣọ, tí wọ́n sì bi wọ́n bóyá òjò máa rọ̀, Bùrọ̀dá Níyì á wo ojú ọ̀run, wọ́n á ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀, Mà, àmọ́ n ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

Màmá mi á bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó bá bi Níyì bóyá òjò ń bọ̀, inú òjò náà ni yóò wà tí yóò fi gbọ́ èsì."

Ìyàwó wọn, Àǹtí Yéjídé, kò jọ wọ́n rárá. Ohùn Àǹtí ni a fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ nínú ilé wa. Ohun mímu tútù ni wọ́n ń tà nínú ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan tí kò jìnnà sí wa. Ọ̀gbẹ́ni Sùrájù ló ni ilé ìwòran náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Alága ni gbogbo wa ń pè wọ́n, nítorí pé àwọn ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ní ilé ìwòran ní àdúgbò wa. Gbọ̀ngàn gígùn ni ilé náà. Alága ti fi pákó kan gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa, kí àwọn tí kò sanwó má baà dúró níta máa wo bọ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ tí eré bá gbóná, àwọn ọkùnrin á kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì máa mu sìgá. Èéfín náà kò rí ọ̀nà jáde. Bí Àǹtí Yéjídé bá ń bọ̀ wálé, òórùn sìgá á ti kí wa kí àwọn fúnra wọn tó kí wa, bẹ́ẹ̀ wọn kò fi sìgá kan ẹnu rí láyé wọn.

Nígbà tó yá, ikọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jí. Bí wọ́n bá ń fọ eyín ní ẹ̀yìnkùlé, a ó máa gbọ́ ọ. Bí a bá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí," wọ́n á ní, "Pẹ̀lẹ́ ti kí ni? Itọ́ ló gba ọ̀nà mìíràn."

Bùrọ̀dá Níyì a máa bẹ̀ wọ́n. "Yéjídé, kúrò nínú èéfín yẹn."

"Kí n lọ ta omi tútù fún ta ni? Fún ẹ̀yin àti kọ̀ǹpútà yín?"

Ìgbà yẹn ni ìwádìí kan dé, tí ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Bùrọ̀dá Níyì. Dókítà Latifah àti ọ̀gá wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntóyìn, fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú èéfín sìgá ẹlòmíràn máa ń wúkọ́ ju àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò sí èéfín. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòran àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ni wọ́n fẹ́ bi léèrè, láti Agbowó àti Bódìjà títí dé Ring Road. Ìgbìmọ̀ kan nípa ìlera ti ṣèlérí pé bí ìwádìí náà bá fi hàn pé èéfín ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ ní jàǹbá, àwọn á ṣòfin pé kí gbogbo ilé ìwòran ṣí fèrèsé, kí ẹni tó bá fẹ́ mu sìgá sì jáde síta. Bùrọ̀dá Níyì ni wọ́n gbé ìṣirò rẹ̀ fún.

Wọ́n sọ fún ìyàwó wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́.

"Ó dáa," ni Àǹtí Yéjídé wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ ṣàdéhùn. Tí ìwé yín bá sọ pé ó ń ṣe ènìyàn, màá kó kúlà mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rímú mí."

"Mo gbà," ni Bùrọ̀dá Níyì wí. Èmi kò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wà nílé ìwòran Alága, mo lọ ra omi dídì, ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ń bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè débẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú Àǹtí Yéjídé.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Mà. Ṣé ẹ máa ń wúkọ́ tí ẹ bá jí láàárọ̀?"

"Ikọ́ kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ara mi dá ṣáṣá."

"Ṣé èémí yín máa ń kúrú tí ẹ bá gbé ẹrù?"

"Kò ní kúrú láṣẹ Ọlọ́run. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èpè lo wá ṣẹ́ fún mi ni?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má bínú, ó sì fi àmì sí "rárá".

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún màmá mi, kò yà wọ́n lẹ́nu. "Kí lo fẹ́ kí ó sọ? Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mé jẹ'. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn wálé?" Lóòótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń dáhùn. Ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ á ní ara òun ti ń le, ẹni tí kò lè dìde á ní a dúpẹ́.

Ọjọ́ Sátidé tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè ni ìṣirò náà parí. Ìmọ́lẹ̀ kò sí ní ọ́fíìsì wọn ní yunifásítì, Bùrọ̀dá Níyì sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré, nítorí náà àwọn ọ̀gá méjèèjì ló ń bọ̀ wá bá wọn nílé. Kí wọ́n tó dé, Bùrọ̀dá Níyì fi iṣẹ́ náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

"Bí ìwọ àti ẹnì kan bá ń ta lúdò, tó ń ju mẹ́fà ṣáá, ìgbà wo lo máa sọ pé ọwọ́ wà nínú dáìsì náà?"

Mo ní tó bá ti ju mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta léra.

"Àmọ́ ẹni tí kò ṣe mágòmágó náà lè ju mẹ́fà lẹ́ẹ̀mẹta léra, kó kàn bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí a máa ń bi ara wa ni pé: ká ní èéfín náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni kòńgẹ́ lásán á fi gbé ìyàtọ̀ tó tóbi tó báyìí wá? Tí kò bá tó ìgbà márùn-ún, a máa ń gbà pé kì í ṣe kòńgẹ́. Tó bá ju márùn-ún lọ, a máa ń sọ pé a kò rí i." Wọ́n fi ìka kan nọ́ńbà náà lójú kọ̀ǹpútà. "Márùn-ún yẹn, ènìyàn ló fi í síbẹ̀ o. Ọlọ́run kọ́."

Ohun tí wọ́n rí ni pé ikọ́ àwọn tó wà nínú èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni kòńgẹ́ jáde sí.

Nígbà tí àwọn àlejò dé, wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí pé àga kò tó. Wọ́n rò pé mò ń ṣe iṣẹ́ mi.

"Mẹ́fà ni. Ó tán," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntóyìn wí. Àgbà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n, wọn kì í gbóhùn sókè.

"Kò tán, sà," ni Dókítà Latifah wí. "Kí ló wà láàárín mẹ́fà àti márùn-ún? Ikọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ìyàtọ̀ yẹn wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ bó ṣe tóbi tó, ká sì sọ pé kò tíì dá wa lójú tán."

"Ọmọ tí máàkì rẹ̀ bá ku ẹyọ kan kó yege, ṣé a máa ń fún un ní sàtífíkéètì?"

"Sà, ìdánwò kọ́ lèyí. Ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn ni."

"Latifah, gbọ́. Bí o bá sún ààlà lónìí nítorí pé ohun tí o fẹ́ wà ní òdì kejì rẹ̀, àwọn tó ń ṣe sìgá náà á sún un lọ́la. Àwọn náà ní oníṣirò. Tiwọn ní jẹnẹrétọ̀ ńlá."

Dókítà Latifah rẹ́rìn-ín láìfẹ́. Ní àkókò yẹn gan-an ni ikọ́ Àǹtí Yéjídé bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń fọ ìgò. Ó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Bùrọ̀dá Níyì wí. "Ìyàwó mi nìyẹn. Ó wà lára àwọn tí a bi léèrè, ó sì sọ pé òun kì í wúkọ́. Mo ti dán an wò. Tí a bá yí ìdáhùn tirẹ̀ nìkan padà sí 'bẹ́ẹ̀ ni', kò ní tó márùn-ún mọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntóyìn ní, "Níyì, mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá yí ti ìyàwó rẹ padà, ta ni yóò lọ yí ti àwọn obìnrin tí àwọn náà ń wúkọ́ nínú ilé ìtajà tí kò sí èéfín, tí wọ́n sọ fún wa pé ara le?"

Bùrọ̀dá Níyì wo Dókítà Latifah. Dókítà Latifah ń wo ilẹ̀. "Lórí ìyẹn, òótọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ," ni Dókítà Latifah wí.

"A máa tún un ṣe," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "A ó bi ènìyàn tó pọ̀ ju èyí lọ. Bó bá wà níbẹ̀, á hàn."

Wọ́n wá fẹnu kò sórí gbólóhùn kan, Bùrọ̀dá Níyì sì fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́: pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé èéfín náà ń fa ikọ́, àti pé ìwádìí tó tóbi sí i ló kù. Nígbà tí àwọn ọ̀gá méjèèjì lọ tán ni mo bi wọ́n ní ìbéèrè mi.

Ìgbìmọ̀ ìlera ka ìwé náà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí àwọn ọmọwé kò ti rí nǹkan kan, kò sí ohun tí àwọn fẹ́ ṣòfin lé lórí. Kí oṣù náà tó parí, Alága ti lẹ bébà kan mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìwòran wọn, ó tóbi gàdàgbà: ÀWỌN ỌMỌWÉ TI ṢÈWÁDÌÍ. KÒ SÍ EWU NÍBÍ.

Bùrọ̀dá Níyì lọ bá wọn. Èmi àti màmá mi ń ti ọjà Bódìjà bọ̀, a sì bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, àwọn ọkùnrin mélòó kan yí wọn ká.

"Alága, ìyẹn kọ́ la kọ. A ní a ò rí ẹ̀rí tó tó. A ò sọ pé kò sí."

"Ọmọwé, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ wá gbogbo inú ilé, ẹ ò rí ejò. Ṣé kí n wá máa sọ fún oníbàárà mi pé ejò wà níbẹ̀ ni?"

"Tọ́ọ̀ṣì náà ni kò mọ́lẹ̀ tó."

"Ẹ lọ ra bátìrì kẹ̀!"

Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ọkùnrin náà. Bùrọ̀dá Níyì náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbà á.

Nílé, Àǹtí Yéjídé kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n jókòó. "Àdéhùn ni àdéhùn o. Ṣebí ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ ẹ́?"

"Yéjídé, ikọ́ yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́..."

"Ó ṣeé ṣe! Ẹ bá mi gbọ́, ẹ̀yin ará ilé. Ó ṣeé ṣe!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn.

Bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. Bùrọ̀dá Níyì ń retí ìwádìí ńlá. Wọ́n bá Dókítà Latifah kọ ìwé sí àwọn tó ń fowó ran ìwádìí lọ́wọ́ ní òkè òkun. Àwọn kan kò fèsì. Àwọn kan ní ìwádìí àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan, kí ni wọ́n fẹ́ tún lọ wò? Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣuntóyìn fẹ̀yìntì. Dókítà Latifah rí iṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, wọ́n wá dágbére fún Bùrọ̀dá Níyì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n ní àwọn á máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ láti ọ̀hún. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pè. Nígbà tó yá, wọn kò pè mọ́.

Mo ti wà ní SS 1 nígbà tí Àǹtí Yéjídé kò lè gbé kúlà mọ́. Láti ojú títì dé ilé wa kò jìnnà, àmọ́ wọ́n máa ń dúró lọ́nà, wọ́n á gbá ògiri mú, wọ́n á ṣe bí ẹni tó ń wo nǹkan lórí fóònù. Ọjọ́ tí ètè wọn yí àwọ̀ padà ni Bùrọ̀dá Níyì kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn mọ́, wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tó rí wọn ya àwòrán àyà wọn, ó sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń mu sìgá. Inú Àǹtí bàjẹ́ sí ìbéèrè yẹn ju gbogbo ohun yòókù lọ.

Dókítà náà ní ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ẹ̀dọ̀fóró ti há, èyí tó sì ti bàjẹ́ kò ní padà bọ̀ sípò. Wọn kò ní ṣàì máa lo oògùn tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Bùrọ̀dá Níyì bi í bóyá èéfín ilé ìwòran ló fà á.

"Ó ṣeé ṣe," ni dókítà wí. "Ṣùgbọ́n lórí ẹnì kan ṣoṣo, n ò lè fọwọ́ sọ̀yà."

Bùrọ̀dá Níyì ló sọ èyí fún màmá mi. Wọ́n ní àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà.

Àǹtí Yéjídé kò pariwo láàárọ̀ mọ́. Ẹnu ọ̀nà yàrá ni wọ́n ń jókòó sí, lórí àga tí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé dúró, nítorí pé wọn kò lè sùn gbalaja. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mujeebat ló gba ipò wọn lọ́dọ̀ Alága. Mo máa ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ sílé-ìwé. Pákó ṣì wà lójú fèrèsé. Láìpẹ́ yìí mo gbọ́ tí Mujeebat ń wúkọ́ bó ṣe ń gbálẹ̀, mo sì ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Eruku ni."

Ní oṣù tó kọjá, nígbà tí ìdánwò àṣekágbá mi ti sún mọ́lé, Bùrọ̀dá Níyì ní kí n máa wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ àwọn. Wọn kò tíì rí kọ́ńtíráàtì mìíràn. Ibẹ̀ ni mo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Alága wá kí Àǹtí Yéjídé. Wọ́n mú ọsàn dání. Wọ́n fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọ́n sì ṣe àdúrà tó gùn, tọkàntọkàn ni wọ́n fi ṣe é.

"Ayé yìí mà le o," ni wọ́n wí. "Ẹni tí kò mu sìgá rí!"

Àǹtí Yéjídé fẹ́ sọ nǹkan, èémí wọn kò tó o. Wọ́n fi ọwọ́ ṣe àmì pé a dúpẹ́.

Nígbà tí Alága dìde, wọ́n kọjú sí Bùrọ̀dá Níyì. "Ọmọwé, mo ti ń ṣí ilé ìwòran mìíràn sí àdúgbò Challenge, ẹ bá mi dúpẹ́. Bébà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi ti ṣá, òjò ti pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ ìwádìí yín yẹn ní tuntun, kí n lẹ̀ ẹ́ sí méjèèjì."

"Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi ti bàjẹ́, Alága."

"Kò burú. Nígbà tó bá dáa, ẹ rántí mi." Wọ́n kí wa, wọ́n sì lọ.

Bùrọ̀dá Níyì padà wá jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n ṣí ìwé mi, wọn kò kà á. Àǹtí Yéjídé ti sùn lọ lórí àga. Gbogbo yàrá ni a ti ń gbọ́ bí èémí náà ṣe ń wọlé, tó ń jáde pẹ̀lú ìnira.

"O bi mí ní ọ̀rọ̀ kan nígbà kan," ni wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Rárá. Èéfín náà ti burú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn rò pé a ṣì máa tún ìwádìí náà ṣe ni."